A Ó GBÓHÙN ÌYÁ, A Ó GBÓHÙN ỌMỌ: Ẹ̀KỌ́ KAN LÓRÍ ÀRÙN KÒRÓNÀ ÀTI ABOYÚN

Láàárín àwa Yorùbá, bí aboyún bá ti ń súnmọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, àdúrà tí tọmọdé tàgbà máa ń ṣe fún un ni pé, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Bí ó bá sì ti sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí i. Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé ewu ni ìbímọ, wọ́n mọ̀ pé ẹni méjì ni ó wà nínú ewu náà, wọ́n sì mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú ọ̀kan kí a gbàgbé èkejì. Orí àdúrà yìí ni mo fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ mi kà.

Ohun tí ó fa ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ní Kaduna, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, aládùúgbò wa kan wà tí gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Àǹtí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí ara gbígbóná àti ikọ́ dá a gúnlẹ̀. Wọ́n ní ibà lásán ni, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn kòrónà ni. Ní ọjọ́ kejì ó bí ọmọbìnrin kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù ọmọ náà kò tíì pé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn àgbà obìnrin inú ilé ní kò gbọdọ̀ fún ọmọ náà lọ́mú, nítorí pé àrùn ti wọ inú wàrà rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ọmọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń fi mílíìkì inú agolo bọ́ ọ. Kí wọ́n tó gbé e padà, ọmú ìyá ti gbẹ.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, Àǹtí pè mí jókòó, nítorí ó gbọ́ pé ẹ̀kọ́ bàyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́. Ó ti tún lóyún, oṣù mẹ́rin. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkínní: kí ni ó fà á tí òun fi bí ọmọ òun ṣáájú oṣù? Èkejì: ṣé àrùn náà wọ ara ọmọ náà láti inú ni? Ẹ̀kẹta: ṣé wàrà òun ì bá ti pa ọmọ lára lóòótọ́? Ẹ̀kẹrin: oyún tí ó wà nínú òun báyìí, kí ni kí òun ṣe nípa rẹ̀? N kò lè dá a lóhùn tán lọ́jọ́ náà. Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ka ìwé, mo sì bi àwọn olùkọ́ wa. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín, kí ó lè wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ní ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí aládùúgbò tí ó wà nínú oyún.

1. ÀRÙN NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Ìparí ọdún 2019 ni a kọ́kọ́ gbúròó àrùn kòrónà ní ìlú Wuhan, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti dé Nàìjíríà, lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó ti ìlú Milan wọ Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó kárí ayé ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ yìí kan náà kéde pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ìkéde yìí kò sọ pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ṣì wà láàárín wa, ó ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dínkù, nítorí pé ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, yálà nípa pé wọ́n ti ṣe é rí tàbí pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa àrùn náà jẹ́ irú èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Inú afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde láti ẹnu àti imú ẹni tí ó ní in ni ó ń gbà ran ẹlòmíràn, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Bí ó bá wọ ara, ó ní ilẹ̀kùn kan tí ó ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. ACE2 ni àwọn onímọ̀ ń pe ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn yìí wà ní imú, ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún wà ní ibi ọmọ. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ni ó kàn wá jù lónìí.

2. BÍ ỌMỌ INÚ ṢE Ń MÍ

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀kọ́ yìí, n kò mọ ohun tí Yorùbá ń pe ẹran kókó tí ó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde. Ìyá mi ni ó sọ fún mi lórí fóònù pé ibi ọmọ ni, àti pé àwọn mìíràn ń pè é ní èkejì ọmọ. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé orúkọ kejì yìí bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ìdí nìyí.

Ọmọ tí ó wà nínú ìyá rẹ̀ kò fi imú mí. Omi ni ó kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìyá ni ó ń bá a mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ìyá fà sínú a wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ẹ̀jẹ̀ náà a gbé e dé ibi ọmọ, níbẹ̀ ni ọ́síjìn àti oúnjẹ yóò ti kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tí yóò sì gba inú ìwọ́ dé ara rẹ̀. Ẹ̀gbin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà a sì gba ọ̀nà kan náà padà sọ́dọ̀ ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wà láàárín wọn. Ibi ọmọ ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, òun ni kíndìnrín rẹ̀, òun náà ni ilé ìdáná rẹ̀, fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Bí ó bá bàjẹ́, ọmọ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà mí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ara ìyá. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ilé ọmọ a máa ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, àyè ìmí a sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ń pọ̀ sí i, ó ń tó ìdá kan nínú márùn-ún lé lórí tí tẹ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ń tètè dì, nítorí pé Ẹlẹ́dàá ń múra sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, wọ́n sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí ó sì tún ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, bá dé bá irú ara bẹ́ẹ̀, ẹrù á di méjì lórí rẹ̀.

3. OHUN TÍ ÀRÙN NÁÀ Ń ṢE SÍ ÌYÁ

Kí ẹ̀rù má baà ba ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ, kí n kọ́kọ́ sọ pé ọ̀pọ̀ aboyún tí ó ní kòrónà ni ó ṣe é fẹ́ẹ́rẹ́, tí ara wọn sì yá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó le fún ni a ń sọ, àwọn wọ̀nyí sì pọ̀ nínú aboyún ju obìnrin tí kò lóyún lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba wọn ṣe àkójọ àwọn obìnrin tí ara wọn fi àmì àrùn náà hàn láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Nínú 10,000 aboyún, 105 ni wọ́n gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Nínú 10,000 obìnrin tí kò lóyún, 39 ni. Àwọn tí ẹ̀rọ ní láti bá mí jẹ́ 29 nínú 10,000 aboyún, nígbà tí ó jẹ́ 11 láàárín àwọn tí kò lóyún.

Ìwádìí kejì tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní INTERCOVID, tí àwọn onímọ̀ ní Oxford ṣe kòkárí rẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Orílẹ̀-èdè 18 ni ó kópa, Nàìjíríà àti Gánà sì wà lára wọn. Obìnrin 2,130 ni wọ́n tọpa rẹ̀: 706 ní àrùn náà nínú oyún, 1,424 kò ní in. Nínú àwọn 706 tí wọ́n ní in, 11 kú. Nínú àwọn 1,424 tí wọn kò ní in, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kú. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tí ń di gìrì aboyún bí a kò bá tètè mójú tó o, pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí àrùn náà mú.

Ẹnìkan lè sọ pé ti òyìnbó ni ìwọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, èyíinì ni Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Kóńgò àti Gúúsù Áfíríkà, para pọ̀ wo àkọsílẹ̀ obìnrin tí ó lé ní 1,300 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn obìnrin tí kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn, ewu ikú tó ìlọ́po méjì fún ẹni tí ó wà nínú oyún. Aboyún tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀, tàbí tí ó sanra jù, ni ọ̀rọ̀ náà máa ń le fún jù lọ.

4. OHUN TÍ Ó Ń ṢE SÍ ỌMỌ INÚ

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró ìyá bá kún fún omi àrùn, ọ́síjìn tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò ní pé. Bí ara ìyá bá ń gbóná ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò. Nígbà mìíràn sì rèé, àwọn dókítà fúnra wọn ni yóò pinnu láti gba ọmọ náà jáde kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí ìyá lè rí àyè mí, kí ọmọ má sì kú sínú. Nínú ìwádìí INTERCOVID tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí àwọn tí kò ní àrùn náà bá bí ọmọ 10 ṣáájú oṣù, iye kan náà àwọn tí ó ní in yóò bí bí 16.

Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ tí ó kú kí wọ́n tó bí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo ìbímọ tí ó lé ní 1,200,000 láàárín oṣù Kẹta ọdún 2020 sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Láàárín àwọn ìyá tí kò ní kòrónà, ọmọ 64 nínú 10,000 ni wọ́n bí ní òkú. Láàárín àwọn tí ó ní in, 126 ni. Nígbà tí ẹ̀yà àrùn náà tí wọ́n ń pè ní Delta gbòde ní ọdún 2021, iye yìí gòkè dé 270 nínú 10,000.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 12 kó ọ̀rọ̀ ọmọ 68 jọ, àwọn tí wọ́n kú sínú tàbí tí wọ́n kú kété lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn, tí ìyá wọn sì ní kòrónà. Wọ́n gé ibi ọmọ wọn wò lábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-tóbi. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi ọmọ tí ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ni ó jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò tí ó wọ ara wọn ni ó pa wọ́n. Èkejì wọn ni ó kú, wọn kò sì rí ibi gbà mí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọn tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irú ìbàjẹ́ yìí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù.

5. ǸJẸ́ ÌYÁ LÈ KÓ ÀRÙN NÁÀ RAN ỌMỌ NÍNÚ?

Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 2020, àwọn dókítà kan ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé nípa ọmọ kan tí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé ibi ọmọ ni kòkòrò náà gbà wọ ara rẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 140 jọ, tí àròpọ̀ ọmọ inú wọn lé ní 14,000, tí ìyá gbogbo wọn sì ní kòrónà. Nínú 1,000 ọmọ bẹ́ẹ̀, bí 18 péré ni àyẹ̀wò wọn fi àrùn náà hàn. Àwọn 18 yìí pàápàá, kì í ṣe inú oyún ni gbogbo wọn ti kó o. Àwọn mìíràn kó o lẹ́yìn ìbí. Wọ́n tún rí i pé bóyá wọ́n bí ọmọ fúnra rẹ̀ ni o, bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde ni o, èyí kò sọ bóyá ọmọ yóò kó o. Fífún un lọ́mú àti gbígbé e mọ́ra kò sì fi kún un.

6. Ọ̀RỌ̀ ỌMÚ

Níbi yìí ni àṣìṣe àwọn ará ilé Àǹtí wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ọmọ ni ó mú wọn ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti ọdún 2020 pé kí ìyá tí ó ní kòrónà máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, kí ó máa gbé e mọ́ àyà, bí ara rẹ̀ bá ti lè gbé e. Kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé ọmọ, kí ó sì wọ ìbòmú nígbà tí ó bá ń fún un lọ́mú, nítorí pé ẹnu àti imú ni àrùn náà ń gbà jáde, kì í gba ọmú.

Kàkà kí wàrà ìyá gbé àrùn fún ọmọ, ohun tí àwọn onímọ̀ bá nínú rẹ̀ ni àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn náà, èyí tí ara ìyá ti pèsè. Ẹ wá wo ewu tí ó wà ní òdìkejì. Mílíìkì agolo ń fẹ́ omi mímọ́, ó ń fẹ́ ife àti ìgò tí wọ́n sè, ó sì ń fẹ́ owó. Ní ibi tí omi kò ti dára, ìgbẹ́ gbuuru tí ń ti inú ìgò wá ti pa ọmọ ìkókó púpọ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni ó sì nílò ọmú ìyá jù. Bí ìyá bá ń ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé ọmọ, ó lè fún wàrà rẹ̀ sínú ife mímọ́ kí ẹlòmíràn fi bọ́ ọ. Bí ọmú bá tilẹ̀ ti gbẹ, kò túmọ̀ sí pé ó tán: bí ọmọ bá ń mu ún lemọ́lemọ́, tí agbẹ̀bí sì ń tọ́ ìyá sọ́nà, wàrà sábà máa ń padà.

7. ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà àkọ́kọ́, irú ti AstraZeneca, gúnlẹ̀ sí Abuja, ó sì tó bí 3,900,000. Ìbẹ̀rù ńlá ni ó gbòde nígbà náà. Wọ́n ní ó ń sọ obìnrin di àgàn, wọ́n ní ó ń pa ọmọ inú. Kí a sọ òótọ́: àwọn tí ó kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ náà wò kò fi aboyún kún un, nítorí náà kò burú bí aboyún bá fẹ́ mọ̀ kí ó tó gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, àìlóǹkà aboyún ni ó ti gbà á káàkiri ayé, tí wọ́n sì ti tọpa wọn. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò wọn lára aboyún wọ̀nyí kò fi kún oyún tí ń bàjẹ́, kò sì fi kún òkú ọmọ. Kò sí kòrónà ààyè kankan nínú wọn tí ó lè kó ran ìyá tàbí ọmọ.

Ní orílẹ̀-èdè Scotland, wọ́n wo gbogbo aboyún ilẹ̀ náà láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 dé oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Nínú 100 aboyún tí kòrónà gbé dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe, 98 ni kò tíì gba abẹ́rẹ́. Gbogbo ọmọ tí ó kú lẹ́yìn tí ìyá wọn ní àrùn náà ni ìyá wọn kò tíì gbà á nígbà tí àrùn náà mú wọn. Ọmọ pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí pé èròjà tí ń gbógun ti àrùn máa ń gba ibi ọmọ kọjá sí i lára. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2022 fi hàn pé bí ìyá bá gbà á nínú oyún, ó ń dín ewu pé kòrónà yóò gbé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà dé ilé ìwòsàn kù ní ìdá 61 nínú 100. Ọmọ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyá ni ó ń bá a gbà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bá a mí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, tí agbára àrùn náà ti dínkù, àwọn agbaninímọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì ka aboyún mọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún.

8. EWU TÍ KÒ TI ARA ÀRÙN WÁ

Ní ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abuja ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn bíi Kaduna náà sì ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ aboyún ni kò lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Ọkọ̀ kò sí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ sì tún ń bà wọ́n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò mọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ dábùú kò mọ̀. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 40 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, wọ́n sì rí i pé òkú ọmọ fi nǹkan bí ìdámẹ́rin lé sí i ní àkókò àjàkálẹ̀ náà, ikú ìyá sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé. Kì í ṣe àwọn tí kòrónà mú nìkan ni wọ́n kà. Èyí já sí pé ìbẹ̀rù àrùn náà pa ènìyàn lọ́nà tirẹ̀.

9. OHUN TÍ A LÈ ṢE

(i) Kí aboyún má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ yẹ̀, bó ti wù kí ìlú rí.

(ii) Kí a má ṣe ka gbogbo ara gbígbóná sí ibà. Ibà ẹ̀fọn léwu fún aboyún, kòrónà náà léwu. Àyẹ̀wò ni yóò sọ èyí tí í ṣe.

(iii) Bí aboyún kò bá lè mí dáadáa, bí àyà bá ń dùn ún, bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, bí ọmọ inú rẹ̀ kò bá yí bí ó ti máa ń yí, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, kí ilẹ̀ má ṣu bá a nílé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

(iv) Kí ará ilé tí ó ń wú ikọ́ tàbí tí ó ní ọ̀fìnkìn jìnnà sí aboyún àti ọmọ ìkókó, kí ó wọ ìbòmú, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé.

(v) Kí aboyún béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí agbẹ̀bí nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó wà ní àrọ́wọ́tó, kí ó gbọ́ ti ẹnu wọn ju ti ẹnu ọjà lọ.

(vi) Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí kòrónà.

ÌDÁHÙN MI FÚN ÀǸTÍ

Mo ti pè é lórí fóònù. Mo sọ fún un pé bí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà rí ni pé ara rẹ̀ kò rí ọ́síjìn tó, àìsàn náà sì mú ìrọbí yá; kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó jẹ tí ó fà á. Mo sọ fún un pé ọmọ díẹ̀ ni àrùn náà ń wọ̀ lára láti inú, àti pé ọmọ rẹ̀ tí ó ti ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, jẹ́ ẹ̀rí ayọ̀. Mo sọ fún un pé wàrà rẹ̀ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ èyí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọmọ mi, ì bá ṣe pé ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà." Ní ti oyún tí ó wà nínú rẹ̀, mo ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọdún 2020 fún àwọn agbẹ̀bí, kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, kí ó sì béèrè nípa abẹ́rẹ́. Ó ní òun yóò mú Ìyá Àgbà dání lọ, kí òun náà fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń ka ìwé ni ó yẹ kí a máa gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ sílé, kí a sì sọ ọ́ ní èdè tí àwọn ìyá wa gbọ́. Ẹni tí ó bá tọ́jú ìyá ti tọ́jú ọmọ. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú oyún láàárín wa, wọn yóò sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àṣẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀYẸ̀WÒ ARA ẸNI

1. Kí ni ìdí tí a fi lè pe ibi ọmọ ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ń yí padà nínú ara aboyún, tí ó ń mú kí kòrónà le fún un.
3. Ọ̀nà wo ni àrùn náà ń gbà pa ọmọ inú láì wọ ara ọmọ náà?
4. Bí ìyá ọmọ tuntun bá ní kòrónà, báwo ni yóò ṣe máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú?
5. Kí ni o máa sọ fún àgbà ilé rẹ tí ó bá ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?